Ìbẹ́pẹ Ẹ̀yìnkùlé: Àlejò tí A Sọ Di Ọmọ Onílé

Igi kan wà ní ilẹ̀ Yewa tí a kì í sábà gbìn, síbẹ̀ ó ṣòro láti rí agbo ilé tí a kò ní bá a. Láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àti láti ibẹ̀ lọ sí ìhà Ìmẹ̀kọ àti Ọjà-Ọdán tó súnmọ́ ẹnubodè, ẹ̀yìn balùwẹ̀, etí ààtàn àti ìdí ògiri ilé tó ti wó ni ìbẹ́pẹ ti ń hù. Ẹyẹ ló gbin ọ̀kan. Ọmọdé tó jẹ ẹ́, tó sì tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, ló gbin èkejì. A kì í bomi rin ín, a kì í wa ajílẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka iye èso tó so. Bí ó bá so, a ká a. Bí kò bá so, a fi àdá gé e lulẹ̀, a sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ rí.

Àìnáání yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ohun tí a kò fi owó rà ni a sábà máa ń rò pé a mọ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwa ọ̀dọ́ ìwòyí léèrè ìdí tí igi ìbẹ́pẹ kan fi ń tanná lọ́dọọdún tí kì í sì í so. Ẹ bi wá ìdí tí àwọn ìyá fi ń kìlọ̀ fún aboyún pé kó má fẹnu kan èyí tí kò tíì pọ́n. Ẹ bi wá bóyá ewé rẹ̀ tó láti fi wo ọmọ tí ibà gbé dè. Ìdáhùn kì í pọ̀ lẹ́nu wa. Àìmọ̀ yẹn sì ń ná wa ní nǹkan: igi nígbà kan, owó nígbà mìíràn, ẹ̀mí pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá burú.

Ibi tí ó ti wá

Ìbẹ́pẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Gúúsù Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ará Sípéènì kó kóró rẹ̀ kiri àwọn erékùṣù Káríbíánì, wọ́n sì gbé e sọdá òkun dé Philippines. Kóró gbígbẹ kò wúwo, kò sì tètè bàjẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà kò pẹ́ tí ó fi rìn yí gbogbo ilẹ̀ olóoru ayé ká. Bí àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata ṣe gba ojú omi wá di tiwa, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe wá. Lónìí, orílẹ̀-èdè Íńdíà ló ń so ó jù lọ ní àgbáyé, Nàìjíríà náà sì wà lára àwọn tó léwájú ní Áfíríkà.

Orúkọ rẹ̀ náà rìn. Ẹnu àwọn ọmọ onílẹ̀ Káríbíánì ni àwọn ará Sípéènì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó di "papaya". Hausa ń pè é ní "gwanda", àwa ń pè é ní ìbẹ́pẹ, Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Nàìjíríà sì ń pè é ní "pawpaw". Kí ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Amẹ́ríkà ṣọ́ra o: ohun tí wọ́n ń pè ní pawpaw ní ìpínlẹ̀ Ohio kì í ṣe ìbẹ́pẹ rárá. Èso igi mìíràn ni, tó lè fara da òtútù àti yìnyín. Ìbẹ́pẹ tiwa kò jẹ́ dúró níbi tí omi ti ń dì.

Ní ẹkùn Yewa, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò rẹ̀ tún ní ojú mìíràn. Ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó fa ààlà sáàárín wọn, ààlà náà ló sì pín àwọn ẹbí tó ń sọ èdè kan náà sí méjì: apá kan ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì ń kà á ní Faransé. Ìbẹ́pẹ kò mọ ìyẹn. Ní gúúsù ilẹ̀ Benin, àwọn àgbẹ̀ ń gbin irú kan tí wọ́n ń pè ní Solo. Ó kéré, ó dùn, ẹnìkan ṣoṣo lè dá ọ̀kan jẹ tán, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Láti erékùṣù Barbados ni wọ́n ti mú irú yìí dé Hawaii ní 1911, kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ìrẹsì ni ìwé ìròyìn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Mo máa ń rò ó pé èso ni ìbá yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ìrẹsì lè dúró nínú àpò títí tí ìjọba yóò fi parí ìpàdé. Ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n kò lè dúró dè wọ́n.

Akọ, abo àti takọtabo

Ní ti òdodo, a kàn ń pe ìbẹ́pẹ ní igi ni. Ihò ni inú rẹ̀, kò ní pákó tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè là. Ọ̀pá ewé rẹ̀ pàápàá ní ihò; ta ni nínú wa tí kò fi í fọn fèrè rí, tàbí kó fi í fẹ́ ìfófòó ọṣẹ nígbà èwe? Ṣùgbọ́n ohun tó yani lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀yà mẹ́ta ni.

Akọ ni àkọ́kọ́. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, wọ́n sì pọ̀, wọ́n so rọ̀ dirodiro sórí ọ̀pá gígùn tó ń fì nínú afẹ́fẹ́. Abo ni èkejì. Òdòdó tirẹ̀ tóbi, kò pọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ara igi ní ìdí ewé. Bí ẹ bá ṣí òdòdó náà wò, ẹ ó rí ikùn roboto kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀: èso ọ̀la nìyẹn. Ẹ̀yà kẹta ní akọ àti abo nínú òdòdó kan ṣoṣo, ó sì lè so láìwá ọkọ kiri. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní takọtabo.

A lè mọ èyí tí igi kan jẹ́ láti ara èso rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbẹ́pẹ roboto, tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀, tí ẹran ara rẹ̀ kò sì nípọn púpọ̀, ti abo ni. Èyí tó gùn, tó ní ihò kékeré àti ẹran ara tó nípọn, ti takọtabo ni. Ọ̀pọ̀ oníbàárà fẹ́ràn èyí tó gùn, ó sì rọrùn láti tò sínú apẹ̀rẹ̀.

Níbí ni àdá ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ. Onílé rí igi tó ń tanná tí kò so, ó sì gé e. Ó tún rí òmíràn, ó tún gé e. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, abo tó kù lẹ́yìnkùlé rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn òdòdó dànù, tàbí kí wọ́n so èso kéékèèké tí kò ní kóró. Wọ́n á ní ayé ti gbọ́ sí igi náà. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Akọ tí ì bá fún un ní lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ti gé. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí, àwọn àfòpiná ńlá tó ń fò lálẹ́ sì máa ń gbé e láti òdòdó dé òdòdó. Akọ kan tó láti bá abo bí i mẹ́wàá lò. A kò nílò púpọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a nílò ọ̀kan.

Àwọn kan ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n ní bí a bá kan ìṣó mọ́ akọ ìbẹ́pẹ lára, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì di abo. Mo mọ àwọn tó búra pé àwọn fi ojú ara wọn rí i. N kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn ni pé inú kóró ni ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo ti ń wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lára ọmọ ènìyàn, ìṣó kò sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n akọ àti takọtabo kì í dúró sójú kan bí abo. Bí oòrùn bá mú jù, bí omi bá wọ́n wọn, tàbí bí a bá gé orí wọn, òdòdó wọn lè yí ìrísí padà fún sáà kan, akọ sì lè so èso mélòó kan tó rọ̀ sórí ọ̀pá gígùn. Ẹni tó ti kan ìṣó mọ́ ọn lóṣù tó kọjá yóò gbà pé ìṣó òun ló ṣiṣẹ́.

Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ó wúlò ju ìṣó lọ. Bí akọ bá gba abo, ìdajì kóró inú èso náà yóò di akọ, ìdajì yóò di abo. Ṣùgbọ́n bí takọtabo bá fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ so, nínú igi mẹ́ta tó bá hù láti inú kóró rẹ̀, méjì yóò jẹ́ takọtabo, ọ̀kan yóò jẹ́ abo, kò ní sí akọ kankan. Nítorí náà, kóró inú ìbẹ́pẹ gígùn, láti ibi tí akọ kò ti pọ̀ nítòsí, ni kí ẹni tó fẹ́ gbìn fún títà tọ́jú. Ayétòrò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Fásitì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ìbàdàn ní NIHORT, ilé ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975. Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yìnkùlé ni kò tíì dé.

Oje funfun

Ẹ fi ọ̀bẹ kan ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, oje funfun yóò ṣẹ̀ jáde. Nínú oje yìí ni ohun tí wọ́n ń pè ní papain wà, èyí tó máa ń já ẹran sí wẹ́wẹ́. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ náà kí wọ́n tó máa lò ó: bí ẹran bá ti gbó jù, wọn a gé ìbẹ́pẹ tútù sí i tàbí kí wọ́n fi ewé rẹ̀ wé e, yóò sì rọ̀. Ohun kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń tà lónìí nínú agolo, gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀fun tó ń mú ẹran rọ̀. Gbígbóná tó pọ̀ máa ń pa agbára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ewu bẹ́ẹ̀ nínú ìbẹ́pẹ àìpọ́n tí a rin sínú ọbẹ̀ tí a sì sè dáadáa.

Fún aboyún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Fásitì kan ní Singapore gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn British Journal of Nutrition. Adebiyi ni orúkọ ẹni tó ṣíwájú wọn, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí wa. Eku ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Èyí tó pọ́n kò ṣe oyún eku ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n oje tútù mú kí iṣan ilé ọmọ sún kì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nígbà ìrọbí. Eku kì í ṣe ènìyàn, mo mọ̀. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ àwọn ìyá àgbà àti ohun tí a rí ní yàrá ìwádìí fẹnu kò síbi kan náà: kí aboyún jẹ èyí tó pọ́n dénú, kó sì jìnnà sí èyí tí oje funfun ṣì ń jáde lára rẹ̀.

Ewé fún ibà, kóró fún aràn

Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kó ìmọ̀ ewé Yorùbá jọ. Ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní 1995. Kétu kò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ. Ẹbí ni wọ́n. Ìmọ̀ tó kó jọ níbẹ̀ ni àwọn ìyá alágbo ilẹ̀ Yewa ṣì ń lò, ewé ìbẹ́pẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ń sè fún ibà.

N kò ní fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2015, Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí oògùn ibà tó yọ jáde láti ara ewé kan tí àwọn baba ńlá wọn ti ń lò láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó yọ ọ́, ó wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn kí wọ́n tó fún gbogbo ayé. Oògùn tó ti ara rẹ̀ jáde ló wà nínú ACT, èyí tí Nàìjíríà ti yàn láti 2005 gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ibà. Kò sí ẹni tó tíì wọn ewé ìbẹ́pẹ tó ẹ̀yìnkùlé wa báyìí fún ọmọ ọdún méjì, kó sì sọ iye ṣíbí tó tó.

Ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àìsàn ibà tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ayé ní 2022, Nàìjíríà ló ti ṣẹlẹ̀. Ibà ẹ̀fọn tó ń bá wa jà níhìn-ín lè di líle láàárín wákàtí 24 bí a kò bá tọ́jú rẹ̀: gìrì dé, ẹ̀jẹ̀ tán lára ọmọ, ó sì di èrò ilé ìwòsàn ńlá. Ìyá tó bá ń fi àgbo ewé ìbẹ́pẹ ṣọ́ ibà ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti ná ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá fẹ́ mu àgbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti dókítà rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò ní ààyè fún ìdúródè.

Ti kóró dára díẹ̀ sí i. Ní Ilé-Ifẹ̀, Okeniyi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 60 tí aràn wà nínú ìgbẹ́ wọn jọ. Wọ́n fún ìdajì ní kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ oyin, wọ́n fún ìdajì kejì ní oyin lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, aràn ti kúrò nínú ìgbẹ́ ọmọ 23 nínú 30 tó gba kóró. Nínú 30 tó gba oyin nìkan, 5 péré ni. Ọdún 2007 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Ọmọ 60 kò pọ̀, àwọn olùwádìí náà sì pè é ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, kóró tí gbogbo wa ń dà sí ààtàn ni o.

Rírà, kíká àti gbígbìn

Ní ti jíjẹ, kò gba àlàyé púpọ̀. Gírámù 100 ìbẹ́pẹ pípọ́n ní fítámì C tó bí i mílígírámù 60, ó ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A fún ojú, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọsàn pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Ìṣòro wà lọ́jà. Nítorí pé ìbẹ́pẹ pípọ́n máa ń tẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn alájàpá kan máa ń ká a ní tútù, wọ́n á sì fi kábáìdì tí àwọn ajórin ń lò mú un pọ́n lóru kan. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé èyí léwu, nítorí pé májèlé bí i arsenic lè wà nínú kábáìdì. Bí ẹ bá rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba bí ẹni kùn ún, tí ó sì le gbagidi nígbà tí ẹ là á, tí kò ní òórùn, tí kò dùn, ẹ fura. Èyí tó pọ́n fúnra rẹ̀ kì í sábà ní àwọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹni tó ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré kò nílò láti rà á. Ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni ó dára jù. Kóró ìbẹ́pẹ ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó tètè hù. Ẹ fi eérú tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ sì sá kóró náà sí abẹ́ ibòji. Ẹ wá ibi tí omi kì í dúró sí, nítorí omi tó bá bò ó nídìí fún ọjọ́ méjì lè mú gbòǹgbò rẹ̀ rà. Ìdí nìyẹn tí ààtàn fi ń tẹ́ ẹ lọ́rùn: ó ga, ó sanra, omi sì ń ṣàn kúrò níbẹ̀. Ẹ gbin mẹ́rin sí ojú ihò kan, kí ẹ má ṣe tètè lọ̀ ọ́ kúrò lójú ibi tó hù sí, kò fẹ́ràn kí a máa fa gbòǹgbò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá sílẹ̀. Ní bí i oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, òdòdó yóò yọ. Ìgbà náà ni kí ẹ wo èyí tó rọ̀ sórí ọ̀pá àti èyí tó lẹ̀ mọ́ ara igi. Ẹ yọ akọ tó pọ̀ jù, kí ẹ sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ìlà àwọ̀ ìyeyè kan tàbí méjì bá fà sí ìsàlẹ̀ èso tí ìyókù rẹ̀ ṣì dúdú, ẹ ká a, ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ọjọ́ mélòó kan ló kù kó dé orí àwo, bí ẹyẹ kò bá ti ṣáájú yín dé orí igi.